Tabu, Orúkọ tí Ìyá Ọkọ Àbúrò Mi Mú Wá láti Tanga

Òórùn kànáfùrù ni ó kọ́kọ́ pàdé mi lọ́jọ́ náà, kí n tó gun àtẹ̀gùn ilé àbúrò mi tán ní Phibsborough, nílùú Dublin ní Ireland. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ó bímọ, wọ́n sì dá òun àti ọmọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wá láti Tanga, ìlú kan létí òkun ní Tanzania, kí ó lè tọ́jú ìyá ọmọ. Ó ti kó èédú pípọ́n díẹ̀ sínú àwo amọ̀, ó da kànáfùrù àti èérún igi olóòórùn dídùn lé e lórí, ó sì ń gbé èéfín náà yí yàrá ká. Ọkọ àbúrò mi dúró lórí àga, ó fi aṣọ ìnura bo ẹ̀rọ tó máa ń ké lára àjà bí ó bá ti gbúròó èéfín. Èmi, dípò kí n béèrè àlàáfíà ọmọ, ohun tí mo kọ́kọ́ bi ìyá náà ni orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tó ń jó yẹn ní ilé wọn. Ó ní, "Karafuu." Ńṣe ni mo pariwo. Kànáfùrù, karafuu! Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan ṣoṣo ni, tí ó gba aṣálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa, tí ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Mo ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ fún wọn, àfi ìgbà tí àbúrò mi wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, tí ó ní, "Sister mi, mo bímọ o."

Ẹ má bínú sí mi. Bí mo ṣe rí nìyẹn ní àkókò náà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Finglas ni mo ti ń ṣiṣẹ́, obìnrin àgbàlagbà kan níbẹ̀ sì jókòó lọ́jọ́ kan, ó sọ ìtàn orúkọ tirẹ̀ fún mi, orúkọ àwọn ará Ireland àtijọ́ tí mi ò tíì mọ̀ ọ́n pè dáadáa títí di òní. Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lọ́dọ̀ mi kí n má bi í pé, kí ni orúkọ rẹ, ta ló sọ ọ́, kí ni ó túmọ̀ sí? Mo bi awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Mo bi ọkùnrin tó wá tún omi ilé ṣe. Mo ń yá ìwé atúmọ̀ èdè ní ilé ìkàwé, mo sì ń kà wọ́n nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń ka ìwé ìtàn. Nínú gbogbo orúkọ ayé, orúkọ àwọn Swahili ni mo fẹ́ràn jù, nítorí wọ́n jọ ẹbí tó ti sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Rehema tiwọn àti Ràmọ́tù tiwa, ọmọ ìyá ni wọ́n, àánú Ọlọ́run ni méjèèjì. Baraka tiwọn ni àlùbáríkà tí a fi ń ṣàdúrà. Wọ́n ní Chausiku fún ọmọbìnrin tí a bí lóru, bí àwa náà ṣe ní Abíọ́nà fún ọmọ tí a bí lójú ọ̀nà. N kò lè fi Swahili ra búrẹ́dì, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí mi. Bí mo ṣe rò nìyẹn.

Bibi ni wọ́n ń pe ìyá náà, ìyẹn ìyá àgbà lédè wọn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa sì ṣe ń pè é. Nígbà tí èéfín lọlẹ̀, ó gbé ọmọ náà, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ojú ọmọ, ó sì ní, "Tabu. Tabu wangu." Mo bi í bóyá orúkọ ọmọ nìyẹn. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò, nítorí mi ò ní láti ṣí ìwé kankan. Mo mọ̀ ọ́n! Taabu, ìyẹn ìnira, wàhálà, ìyọnu. Láti inú ta'ab ti àwọn Lárúbáwá ló ti wá, tí ó jẹ́ làálàá àti àárẹ̀. Mo mu tíì tí ọkọ àbúrò mi gbé fún mi, mo kí wọn pé ó dàárọ̀, kí bọ́ọ̀sì tó sì gbé mi dé ìdajì ọ̀nà Finglas ni mo ti pe Dádì.

Dádì wà lára àwọn tó wá sí ilẹ̀ yìí ní bí ọdún 2000, tí wọ́n dúró de ìwé ìgbélùú títí tí sùúrù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ti di onílé ní Finglas, ó sì ń ṣọ́ ẹnubodè ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Grange Castle. Ìyá wa ti ṣaláìsí. Ràmọ́tù ni orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin ín ni Dádì ti fi orúkọ náà pamọ́ de ọmọ-ọmọ obìnrin àkọ́kọ́, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó gbà pé gbogbo ayé mọ̀.

"Wọ́n ti ń pe ọmọ náà ní orúkọ kan o," mo wí fún un. "Tabu."

"Tabu. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìwọ ọ̀jọ̀gbọ́n orúkọ?"

"Wàhálà."

"Tún un sọ."

"Wàhálà, Dádì. Láti inú èdè Lárúbáwá ni…"

"Ì báà jẹ́ láti ojú sánmà ló ti já bọ́. Ọmọ tí mo dúró dè láti ìgbà tí ìyá yín ti lọ, òun ni wọ́n ó máa jí láràárọ̀ tí wọ́n ó máa ké sí pé Wàhálà, wá jẹun, Wàhálà, lọ wẹ̀? Kí wọ́n má dúró dè mí lọ́jọ́ kẹjọ. Mi ò ní la ẹnu mi ṣàdúrà sórí irú orúkọ bẹ́ẹ̀."

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún aláfàá tó fẹ́ wá sọ ọmọ lórúkọ pé òun wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé ó ti gba ìsinmi. Àbúrò mi pè mí, ó ń sunkún. Ó ní nígbà tí Màmá ò sí mọ́, Dádì nìkan ló kù tó lè gbé ọmọ òun lọ́wọ́ kí ó pe orúkọ sí i létí. Ó ní bí kò bá ní wá, kí a fagi lé ohun gbogbo. Òun ò ní jókòó kí àlejò máa sọ ọmọ òun lórúkọ bí ẹni tí kò ní baba. Kí ọ̀rọ̀ náà lè pé, inú Bibi náà bàjẹ́. Ó ti gbọ́ pé a fẹ́ péjọ lọ́jọ́ kẹjọ kí a sọ ọmọ lórúkọ, ó sì bi ọmọ rẹ̀ léraléra pé, "Láìbi baba rẹ tó wà ní Tanga?" Kò jó kànáfùrù mọ́. Ó ń wẹ ọmọ, ó ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ irú mi. Ńṣe ni mo rò pé iṣẹ́ mi dé. Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè sínú àpò, mo kọ́kọ́ gba ilé Dádì lọ, mo fi hàn án pé Rehema àti Ràmọ́tù ọ̀rọ̀ kan náà ni, pé bí a bá sọ ọmọ náà ní Rehema, orúkọ Màmá náà ni a sọ ọ́, inú àwọn ará Tanga yóò sì dùn. Mo ti ṣe é bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò tó bọ́ sí i. Dádì gbọ́ mi parí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ta ló ń jẹ́ Rehema nínú ilé yìí?" ó béèrè.

"Dádì, ìtumọ̀ kan náà…"

"Mi ò fẹ́ ìtumọ̀. Ìyá yín ni mo fẹ́."

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Phibsborough. Bibi náà gbọ́ mi parí, ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mi fún un. Ó ní Rehema dára púpọ̀, aládùúgbò òun kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó wá béèrè pé ta ló ní kí n máa pín orúkọ. Ọkọ àbúrò mi kò fẹ́ túmọ̀ ìyẹn, ṣùgbọ́n ojú ìyá náà ti túmọ̀ ara rẹ̀. Ọkọ àbúrò mi fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Aunty, you're grand," ìyẹn pé kò sí nǹkan kan, bí àwọn ará ibí ṣe máa ń sọ fún ẹni tí nǹkan kò dára fún rárá.

Nígbà tí ọgbọ́n mi tán ni mo wá béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè láti ọjọ́ Àìkú. Mo ní, "Bibi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi pè é ní Tabu?"

Ó wò mí títí. Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé. Ní etíkun tiwọn, ọmọ kì í jẹ́ orúkọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ kékeré wà, tí obìnrin àgbàlagbà tó bá wà níbi ìbímọ máa ń fún ọmọ lójú ẹsẹ̀, kí ó rí ohun jẹ́ nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́. Orúkọ ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn, nígbà tí ìyá àti ọmọ bá pé ogójì ọjọ́ nínú ilé, láti ẹnu baba ọmọ tàbí àwọn òbí baba rẹ̀. Òun kò ní i lọ́kàn rí pé kí ẹnikẹ́ni pariwo Tabu níwájú aláfàá. Orúkọ inú ilé ni. Ohun tó ń dun òun ni pé àwa ará Nàìjíríà, bí òun ṣe rò ó, fẹ́ já orúkọ ńlá gbà mọ́ ọkọ òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Mo wo àbúrò mi, òun náà wò mí. Dádì ń bínú sí orúkọ ńlá tí kì í ṣe orúkọ ńlá. Bibi ń bínú sí ọjọ́ kẹjọ tí kì í ṣe ogójì ọjọ́.

"Ó ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ Dádì," ọkọ àbúrò mi túmọ̀. "Nísinsìnyí."

Àbúrò mi, tí kò gbọdọ̀ jáde, fọwọ́ lé wa. "Ẹ máa lọ kíá. Èmi àti Wàhálà wà níbí."

Dádì fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa ní Finglas, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n wọn kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀ tí yóò fi dá àlejò obìnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé omi wá, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, èyí tí gbogbo Dublin ń pè ní press, ó kó bisikíìtì tó dára jù jáde. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sì pinnu pé Yorùbá nìkan ni òun yóò sọ. Ọkùnrin tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ará Ireland jiyàn lórí bọ́ọ̀lù láti gbogbo ọdún yìí wá! Nítorí náà Bibi ń sọ Swahili, ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, èmi ń sọ ọ́ di Yorùbá fún ẹni tó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Bibi kò bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú Dádì. Àpá èékánná ṣì wà níbẹ̀, ó ti ń dúdú.

"Ó ní ọmọ yín ló ṣe é," mo wí. "Ó ní òun ló dì mú láti ìgbà tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀ títí ọmọ fi dé."

Dádì wo ọwọ́ náà. "Ẹ ní wẹ́rẹ́ ló bí."

Èmi ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ìnira ìbímọ kì í ṣe irú ohun tí ọmọ ń sọ fún baba rẹ̀. Màmá ni ìbá ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún un, kò sì sí ẹni tó rò ó pé àyè yẹn ti ṣófo.

"Kò rí wẹ́rẹ́, Dádì. Ó le. Àwọn dókítà tilẹ̀ sáré wọlé nígbà kan."

Bibi ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní bí ìbímọ bá rọrùn ní ilé wọn, wọ́n lè fi ọjọ́ tàbí òjò sọ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá rí ìnira, àwọn ìyá tó dì í mú ni yóò fi ìnira náà pe ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀la bí ẹni pé orí igi ni a ti já ọmọ náà. Ó ní Tabu ni orúkọ kékeré ti òun náà, kò sì kúrò lára òun títí òun fi hewú. "Bí wọ́n bá ti pè mí," ó wí, "mo mọ̀ pé ìyá mi gbìyànjú."

Dádì ń yí ife omi rẹ̀ po lórí tábìlì. Nígbà tó yá ó ní, "Ìgè ni èmi."

Èmi tí mo ti ṣàlàyé Ìgè fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí nínú bọ́ọ̀sì! Alhaji ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Ìgè, mi ò sì fìgbà kan rò ó dé ilé pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà mú ẹsẹ̀ wá sáyé, obìnrin kan sì wà lórí ẹní tó fara gbá a. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ àbúrò mi sọ ọ́ ní Swahili. Bibi pàtẹ́wọ́. "Kumbe!" ó ké, bí ìgbà tí a bá sọ pé Áà, ó ti yé mi. Ó sì nàka sí Dádì.

"Ó ní ẹ̀yin náà, Tabu ni yín."

"Sọ fún un pé èmi kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu láyé mi."

Ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà rẹ̀ tó gùn dé ọ̀dọ̀ Bibi, èsì sì padà wá. "Ó ní kí ẹ lọ bi ìyá yín."

Dádì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, tí Bibi fi dìde lọ gbé omi fún un nínú ilé rẹ̀. Nígbà tó mí dáadáa, ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Kú ewu ni obìnrin yìí kí ọmọ mi. Ó fi kú ewu sọ ọmọ." Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Nínú ilé tiwa, ta ni yóò wọlé tọ abiyamọ lọ tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé kú ewu? Ṣùgbọ́n "congratulations" ni Dádì fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù pẹ̀lú àwòrán òdòdó, karafuu ni èmi sì bá wọlé. Nínú gbogbo wa, àjèjì láti Tanga nìkan ló kí i. Kí a tó dìde níbẹ̀, a ti fẹnu kò: Ràmọ́tù láti ẹnu Dádì lọ́jọ́ kẹjọ, orúkọ ńlá láti Tanga nígbà tí ogójì ọjọ́ bá pé.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Dádì dé Phibsborough ṣáájú aláfàá. Kò kọ́kọ́ wo ọmọ. Ó gba ààrin gbogbo ènìyàn kọjá pẹ̀lú agbádá lábẹ́ ẹ̀wù òtútù, ó dúró níwájú àbúrò mi, ó ní, "Ìyá ọmọ, kú ewu." Àbúrò mi fẹ́ dáhùn, ẹkún àti ẹ̀rín dì í lọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dádì gba ọmọ, tí ó pe Ràmọ́tù sí i létí. Bibi rọra sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí etí kejì, torí orúkọ inú ilé kì í ṣe ohun ariwo. Dádì tẹ etí sí i, ó sì tún un pè lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, bàbá àgbà pè láti Tanga lórí fóònù, gbogbo wa sì péjọ láti gbọ́ orúkọ ńlá. Mo ti fọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo ènìyàn pé Rehema ni yóò jẹ́. Mwanajuma ni, ọmọ ọjọ́ Jímọ̀. Àbúrò mi kò jẹ́ kí n gbàgbé ìyẹn títí di òní.

Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Swahili díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì Dublin ni ó sì fi ń dá gbogbo wa lóhùn. Bí àṣà ìlú baba rẹ̀ bá lọ bó ṣe máa ń lọ, ó yẹ kí orúkọ kékeré ti máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Dádì ni kò gbà. Láti ọjọ́ kẹjọ yẹn, Tabu nìkan ló ń pè é. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà wá bá mi nínú pálọ̀, ó ní olùkọ́ ní kí kálukú wádìí orúkọ rẹ̀, kí ni Tabu túmọ̀ sí? Ahọ́n mi ti gbéra. Ta'ab ti wà lẹ́nu mi, èbúté Tanga ti wà lẹ́nu mi, mo sì mọ ìwé tí mo fẹ́ fà yọ. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Mo ní, "Lọ bi ìyá rẹ nípa ọjọ́ Jímọ̀ tí ó bí ọ."

Ó sáré lọ sí ìdáná. Mo jókòó síbi tí mo wà, mò ń gbọ́ ohùn àbúrò mi tó ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó ń fi iyọ̀ sí i níbi tí kò nílò iyọ̀, tí ọmọ náà sì ń ké pé, "Ah Mam, was I that bad?" Ìyá rẹ̀ ní, "O burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán." Mi ò dìde lọ fi ọ̀rọ̀ kan kún un.